Ṣé Wáìnì Yìí Ti Bàjẹ́ Ni? Lórí Ìgò Fino Kan àti Ìgò Rioja Kan

Ìbéèrè: "Ọmọ mi, mo kí ọ o. Ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní London gbé wáìnì méjì wá fún wa nígbà tó wá ṣọdún, méjèèjì láti Spéènì. Ọ̀kan pupa, wọ́n kọ Rioja Reserva sí i lára. A fi jẹ ẹran, ó dáa, àfi pé ó ń ta sánsán bí àgbọn. Èkejì funfun, Fino ni wọ́n kọ sí tiẹ̀. Háà! Kò dùn rárá, ó gbẹ mọ́ni lẹ́nu, ó dà bíi pé wọ́n bu iyọ̀ sí i, ó sì ń rùn bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ti wú. Bàbá ilé ní ó ti bàjẹ́, kí n dà á nù. Mo kọ́kọ́ gbé e padà sí fíríìjì ná. Ṣé lóòótọ́ ló ti bàjẹ́? Bí kò bá bàjẹ́, báwo ni ilẹ̀ kan ṣoṣo ṣe ń mú irú wáìnì méjì tí kò jọra báyìí jáde?"

Ìdáhùn:

Màmá, ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì ṣeun tí ẹ kò dà á nù. Kò bàjẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ kà sí i lẹ́sẹ̀ yẹn, gbígbẹ ẹnu, iyọ̀, òórùn ìyẹ̀fun tó wú, àwọn gan-an ni ẹni tó ṣe é fi ọdún mélòó kan dúró dè. Ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n má bínú, mi ò dá wọn lẹ́bi. Èmi náà ti dà á nù rí. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà wáìnì kan ní London, mo rí ìgò Fino kan tí wọ́n ti ṣí, mo tọ́ ọ wò, mo ní ó ti kan, mo bá dà á sí síǹkì. Àṣé ọ̀gá wa, àgbàlagbà ọmọ Spéènì kan, ti dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ń da epo rẹ̀ sílẹ̀. Kò bá mi wí. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìgò mìíràn jáde, ó tutù nini, ó kó ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n dín àti ẹ̀pà tì í, ó ní kí n jẹ kí n tó mu. Ọjọ́ náà ni ojú mi là.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe sí Fino yín, ẹ jẹ́ ká gba ìdí ọ̀pẹ lọ. Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ dùn bí omi ṣúgà. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ó ti ń hó, ó ti ń ta ahọ́n. Lálẹ́ ó ti le. Bó bá di ọ̀la, ó ti kan. Omi kan náà ni láti àárọ̀. Ìwúkàrà, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò rí, ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ọtí àti èéfín tó ń mú un hó. Bí wọ́n bá ṣe tán, ẹgbẹ́ mìíràn á dé, á sọ ọtí di kíkan. Wáìnì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà inú èso àjàrà ló kàn pọ̀ ju ti omi ọ̀pẹ lọ, ìyẹn ni ọtí wáìnì ṣe ń dé ìdá 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹmu kì í sì í sábà kọjá ìdajì ìyẹn.

Bí ìgò kan bá dé iwájú mi, ohun mẹ́ta ni mo ń wádìí: èso wo ni, irú ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ wo ló gbó sí, kí sì ni ọwọ́ ènìyàn ṣe sí i lẹ́yìn ìkórè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú gbogbo ìgò, ohùn wọn ni kì í dọ́gba. Nínú Fino yín, èso fẹ́rẹ̀ẹ́ máà wí nǹkan kan. Nínú Rioja yín, èso àti igi àgbá jọ ń du ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu ni.

Fino ń wá láti Jerez de la Frontera àti àwọn ìlú tó múlé tì í, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní gúúsù Spéènì, lẹ́bàá Òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn Lárúbáwá tó ṣàkóso ibẹ̀ láyé àtijọ́ ń pe ìlú náà ní Sherish. Lára rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọtí náà, sherry. Ó ti pẹ́ tí ọ̀fun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá a. Nígbà tí Francis Drake, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, kọlu èbúté Cádiz ní 1587, nǹkan bí àgbá 2,900 ló kó lọ sílé.

Ooru ibẹ̀ mú gan-an. Oòrùn ń ràn ju wákàtí 3,000 lọ lọ́dún. Òjò wọn kò ju nǹkan bí mìlímítà 600, bí ìdajì ohun tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ìgbà òtútù ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń rọ̀. Láti oṣù kẹfà títí di ìkórè, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má kán sílẹ̀. Ilẹ̀ ló ń gba àjàrà sílẹ̀. Albariza ni wọ́n ń pè é, ó funfun bí ẹfun, ẹfun náà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà òjò ó ń fa omi mu bí kàn-ìn-kàn-ìn; bí ooru bá dé, ojú rẹ̀ á gbẹ, á sé, omi tó wà nísàlẹ̀ kò ní rí ibi yọ. Gbòǹgbò àjàrà á wá ọ̀nà dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn àgbẹ̀ a tún gbẹ́ kòtò onígun mẹ́rin sáàárín poro kan sí èkejì, aserpia lorúkọ rẹ̀, kí òjò má baà ṣàn gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lọ lásán. Ẹni tó bá ti kọ ebè sí ẹ̀gbẹ́ òkè rí mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá.

Èso tí wọ́n gbìn sínú ilẹ̀ iyebíye yìí ni Palomino. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi: Palomino kò ní òórùn, kò ní kíkan tó tó nǹkan. Bí wọ́n bá fi ṣe wáìnì lásán, ẹ lè mu ún tán kí ẹ má rántí pé ẹ mu nǹkan kan. (Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Jerez lónìí tí wọn kò ní gbà fún mi, wọ́n ń ṣe wáìnì Palomino lásán tó ń ya ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kò tíì pọ̀.) Ẹ̀yìn ìkórè ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n á fún èso náà, omi rẹ̀ á hó títí ṣúgà á fi tán nínú rẹ̀, ọtí rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 11 tàbí 12%. Wọ́n á wá bu ọtí líle tí wọ́n sè jáde láti inú wáìnì sí i, bí ògógóró ṣe ń ti inú ẹmu jáde, títí á fi di 15%. Iye yìí ni kí ẹ dì mú. Wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá igi óákù tó gba lítà 600, ṣùgbọ́n wọn kò ní kún un. Nǹkan bí lítà 500 ni wọ́n ń rọ sí i, àyè bí ìkúùkù méjì á ṣẹ́ kù lókè. Ní ibòmíràn, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí wáìnì fẹ́ bà á jẹ́ ni, torí afẹ́fẹ́ ló ń ba wáìnì jẹ́. Ní Jerez, wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ de àlejò.

Flor ni orúkọ àlejò náà, òdòdó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí ìbátan rẹ̀ rí. Bí omidùn bá ti pẹ́ lórí ògì, ṣé ẹ mọ awọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń bo ojú rẹ̀? Irú rẹ̀ ni. Ìwúkàrà tí kò rí ṣúgà jẹ mọ́ ló léfòó sójú ọtí kó lè rí afẹ́fẹ́ mí, tó tẹ́ ara rẹ̀ bí aṣọ bo ojú wáìnì látètí dé etí. Níbẹ̀, ó ń jẹ lára ọtí. Ó ń jẹ glycerol, ohun tó ń mú wáìnì rọ̀ lọ́nà ọ̀fun bí òróró. Ó sì ń gba afẹ́fẹ́ mu kó tó kan wáìnì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni Fino ṣe ń mọ́ gaara lẹ́yìn ọdún mẹ́rin márùn-ún nínú àgbá. Gbígbẹ tí ẹ rí lẹ́nu, glycerol tó ti lọ nìyẹn, pẹ̀lú ṣúgà tí kò tó gíráàmù márùn-ún nínú odindi lítà kan. Ohun tí flor ń dá padà fún wáìnì ni acetaldehyde, tí òórùn rẹ̀ jọ ti ápù tí kò tíì pọ́n, ti àlímọ́ńdì, ti ìyẹ̀fun tí wọ́n pò mọ́jú. Imú yín kò purọ́: ẹ ní ẹ gbọ́ òórùn ìwúkàrà, ìwúkàrà ni.

Nípa 15% yẹn. Bí ọtí bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń sọ ẹmu di kíkan á ráyè wọlé. Bó bá kọjá 17%, flor á kú. Bí ẹni tó ń ṣe é bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé e kọjá 17%, kò sí aṣọ lójú wáìnì mọ́, afẹ́fẹ́ á bá a fúnra rẹ̀, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti àwúsá gbígbẹ. Ìyẹn ni Oloroso. Bí flor bá gbé wáìnì fún ọdún mélòó kan kó tó kú, tí afẹ́fẹ́ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Amontillado nìyẹn. Èso kan náà, ilẹ̀ kan náà, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló pààlà wọn.

Flor kò rọrùn láti tọ́. Kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé àgbá wọn, bodega, ga bíi ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ògiri nípọn, fèrèsé wà lókè réré kó lè gba afẹ́fẹ́ òkun. Iyanrìn ni ilẹ̀ ilé náà, wọ́n á máa wọ́n omi sí i nígbà ooru bí ẹ ṣe ń wọ́n omi síwájú ilé kí ẹ tó gbálẹ̀. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń bára wọn jà ní agbègbè náà. Poniente ń ti ojú òkun bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin. Levante ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ó gbóná, ó gbẹ, ó ń lani létè bí ọyẹ́ ọ̀sán. Sanlúcar de Barrameda, tí kò ju ìrìn ìdajì wákàtí lọ láti Jerez nínú mọ́tò, wà létí òkun gan-an, lẹ́nu odò Guadalquivir. Ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í tán lọ́dún yípo, flor ibẹ̀ sì nípọn ju ti Jerez lọ. Bí wọ́n bá gbé irú wáìnì kan náà dàgbà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ yí padà nìyẹn, Manzanilla ló ń jẹ́, ó sì ń fúyẹ́ lẹ́nu ju Fino lọ. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, òun ni màá mú.

Ẹ ò ní rí ọdún ìkórè lára ìgò Fino yín. Wọ́n to àgbá ní ìpele ìpele, èyí tó dàgbà jù wà nísàlẹ̀, wọ́n ń pè é ní solera. Bí wọ́n bá fẹ́ rọ ọtí sígò, ara àgbá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bù, díẹ̀ ni, wọn kì í gbẹ́ ẹ tán. Ìpele tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń dí ohun tí wọ́n bù, ìpele kẹta á dí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè, níbi tí ọtí tuntun ti ń wọlé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ọtí tuntun ló ń gbé oúnjẹ wá fún flor tó ti fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọtí àgbà ló ń fi ìwà kọ́ tuntun. Adẹ́mu tó ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí akèrègbè kí ẹmu ọ̀la lè tètè hó kò jìnnà sí ọgbọ́n yìí. Òfin ibẹ̀ ní ọtí kò gbọdọ̀ kúrò láì pé ọdún méjì. Èyí tó pọ̀ jù ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ adùn ni ẹ ń wá, ẹ bi ọmọ yín léèrè Pedro Ximénez nígbà mìíràn. Orúkọ èso ni. Wọ́n ń sá a sóòrùn lórí ẹní títí á fi sún kì bí èso gbígbẹ, kí wọ́n tó fún un. Ó dúdú, ó ki, ó dùn ju oyin lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ lórí áísìkiriìmù ti tó.

Ó yá, Rioja. Apá àríwá ni ìyẹn wà, lẹ́bàá odò Ebro. Òkè kan tí wọ́n ń pè ní Sierra de Cantabria nà bí ògiri lókè rẹ̀, ó ń dá òjò àti òtútù Àtìláńtíìkì dúró. Èso tó jọba ni Tempranillo. Lédè wọn, temprano ni "ní kùtùkùtù", torí ó ń tètè gbó ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n sábà ń fi Garnacha lú u, tàbí Graciano díẹ̀. Tempranillo jẹ́ ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀. Kò kan púpọ̀, òórùn rẹ̀ kì í pariwo, ara rẹ̀ sì gba ohun tí wọ́n bá fi kọ́ ọ. Ohun tí wọ́n fi kọ́ tiyín ni igi.

Àgbọn tí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kò sí nínú èso. Ara igi óákù láti Amẹ́ríkà ló ti wá. Òórùn àgbọn àti fàǹílà wà nínú igi yẹn ju nínú óákù Faransé lọ. Àṣà àgbá kékeré tó gba lítà 225 ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé wá. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera wọ ilẹ̀ Faransé, tó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà títí igi á fi kú. Wáìnì wọ́n lọ́dọ̀ wọn, àwọn oníṣòwò Bordeaux bá kọjá òkè sí Spéènì láti wá ohun tí wọ́n á rà. Haro, ìlú kan ní Rioja, ti ní ojú irin nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin yẹn ni ilé wáìnì ti ń hù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: López de Heredia ní 1877, CVNE ní 1879, La Rioja Alta ní 1890. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Kòkòrò náà padà dé Rioja fúnra rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún náà.

Ẹnìkan tó ṣáájú wọn ni Luciano Murrieta. Ní 1852 ó kó wáìnì Rioja sínú àgbá, ó fi ránṣẹ́ sí Havana ní Cuba. Mi ò lè ka ìtàn yẹn kí n má rántí pé láwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa dé èbúté kan náà nínú ẹ̀wọ̀n.

Reserva tí wọ́n kọ sí tiyín, ọjọ́ orí ló ń sọ. Ní Rioja, pupa tó bá ń jẹ́ Crianza ti lo ọdún méjì kó tó dé ọjà, ọdún kan nínú rẹ̀ nínú àgbá. Reserva lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán ọdún kan nínú àgbá àti oṣù mẹ́fà nínú ìgò. Gran Reserva lo ọdún márùn-ún, méjì nínú àgbá, méjì nínú ìgò. Èyí tí kò sí èyí kankan lára rẹ̀ lè jáde nígbàkigbà. Bébà kékeré ẹ̀yìn ìgò náà ní àwọ̀ tirẹ̀: ewé fún èyí tí kò dúró, pupa fún Crianza, pupa tó dúdú fún Reserva, búlúù fún Gran Reserva. Àwọn tó ń ta wáìnì nílé máa ń sọ fún oníbàárà pé Reserva "ló dáa jù". Mi ò fara mọ́ ọn. Wáìnì tí kò ní ara tí wọ́n tì mọ́ àgbá fún ọdún méjì, igi ni ẹ máa mu. Crianza tó jáde láti ọwọ́ àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ lè fi Gran Reserva ẹlòmíràn sẹ́yìn.

Ní apá Rioja tí wọ́n ń pè ní Alavesa, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ṣì ń ṣe irú kan tí kò mọ àgbá rárá. Wọ́n á da odindi ṣiiri àjàrà sínú kòtò òkúta láì já a, á máa hó nínú èèpo ara rẹ̀, ohun tó ń jáde á máa ta sánsán bí èso tútù. Lago ni wọ́n ń pe kòtò náà, ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn Pọtogí fi sọ Èkó lórúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ẹni náà ń fi mí ṣeré ni.

Ẹ wá kọ "ilẹ̀ kan ṣoṣo" sínú ìbéèrè yín. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀, mà. Spéènì lóòrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ga. Àárín rẹ̀ jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ orí òkè tó fẹ̀ lọ súà. Ní Ribera del Duero, ọgbà àjàrà wà ní nǹkan bí mítà 750 sí 900 lókè òkun. Ọ̀sán ibẹ̀ ń jó ni bí iná, òru rẹ̀ ń mú ni gbọ̀n. Àwọn ará Castilla, agbègbè àárín yẹn, fúnra wọn ní oṣù mẹ́sàn-án ni òtútù àwọn, mẹ́ta yòókù sì jẹ́ ọ̀run àpáàdì. Tempranillo náà ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, wọ́n kàn ń pè é ní Tinto Fino, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn da yín láàmú pẹ̀lú Fino ti Jerez o. Oòrùn ọ̀sán ń fún un ní ṣúgà àti àwọ̀, òtútù òru kì í jẹ́ kí kíkan rẹ̀ sá lọ, èèpo rẹ̀ ń nípọn sí i. Ó dúdú ju ti Rioja lọ, ó sì ń dì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ti dá Vega Sicilia, ilé wáìnì tó lórúkọ jù níbẹ̀, sílẹ̀ láti 1864, bẹ́ẹ̀ 1982 ni ìjọba tó fi òfin pààlà fún agbègbè náà.

Ní La Mancha, ọ̀dá pọ̀ débi pé wọ́n ń gbin igi àjàrà jìnnà síra wọn bí ìgbà tí ènìyàn gbin igi ọsàn, kúkúrú, láìní òpó, kí òjìji ewé rẹ̀ lè bo ìdí ara rẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní ilẹ̀ àjàrà tó Spéènì láyé, ṣùgbọ́n Faransé àti Ítálì sábà ń rọ wáìnì jù ú lọ; ìdí kan nìyẹn. Títí di 1996, òfin kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n bomi rin ọgbà àjàrà.

Ẹ wá lọ sí Galicia, ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn, òjò ni ẹ máa bá. Ní Rías Baixas, nǹkan bí mìlímítà 1,600 ń rọ̀ lọ́dún, ó fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ìṣòro tiwọn ni èso tó ń bu nítorí ọ̀rinrin, kì í ṣe òùngbẹ. Nítorí náà wọ́n gbé àjàrà kọ́ sórí àtíbàbà tí òpó rẹ̀ jẹ́ òkúta, ó ga ju ènìyàn lọ, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Albariño ni èso náà, èèpo rẹ̀ nípọn, ó kan dáadáa, ó ń rùn bí písì. Wọn kì í sábà fi àgbá yọ ọ́ lẹ́nu. Níbẹ̀ ni èso ti ń dá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi tì Fino yín, ẹ óò gbọ́ ohun tí mò ń wí láì jẹ́ pé mo tún kọ ọ̀rọ̀ kan sí i.

Ibi tó ya mi lẹ́nu jù ni Lanzarote, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Spéènì, létí etíkun Áfíríkà wa níbí. Òkè ayọnáyèéfín bú gbàù níbẹ̀ láti 1730 títí di 1736, eérú dúdú bo oko wọn mọ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ kòtò gba inú eérú náà títí wọ́n fi kan ilẹ̀ rere, wọ́n gbin igi àjàrà kọ̀ọ̀kan sínú kòtò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì to òkúta yí i ká bí òṣùpá àbọ̀ kó lè gba afẹ́fẹ́ dúró. Òjò ibẹ̀ kò tó nǹkan. Eérú ló ń gba ìrì òru, tó ń fi pamọ́ fún gbòǹgbò. Nígbà tí phylloxera ń jẹ àjàrà ilẹ̀ Yúróòpù run, kò débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé yín. Bí ẹ ṣe mu Fino yẹn ló kù díẹ̀ káàtó. Ó fẹ́ kó tutù gidigidi, bí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì, nínú ife wáìnì lásán, ìdajì ife. Kò fẹ́ àdámu. Wọ́n ń fi jẹ ólífì, àlímọ́ńdì tó níyọ̀, ẹja díndín. Èmi ń fi jẹ àkàrà gbígbóná, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi: gbígbẹ rẹ̀ ń gé òróró inú àkàrà, àkàrà sì ń bo gbígbẹ rẹ̀. Ẹja ṣáwá díndín náà dára. Ẹ má fi bá ọbẹ̀ tó ta gan-an pàdé.

Rioja lè dúró nínú ìgò fún ọdún púpọ̀ bí ibẹ̀ bá tutù, tí kò sí oòrùn. Fino kò mọ bí wọ́n ti ń dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kúrò lábẹ́ flor ni ó ti di ọmọ tí kò ní aṣọ, oṣù mélòó kan nínú ìgò ti pẹ́ fún un. Bí wọ́n bá sì ti ṣí i, ẹ dé e padà sí fíríìjì, kí ẹ mu ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá ń ra á nílé, ẹ má rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó to ìgò síwájú gíláàsì tí oòrùn ń kàn. Ìyẹn, ẹ lè sọ pé ó ti bàjẹ́, màá gbà.

Ẹ ò sọ ọjọ́ tí ẹ ṣí tiyín. Bí ó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má mu ún mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dà á nù síbẹ̀. Ẹ ra kíndìnrín màlúù, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ dín in nínú òróró pẹ̀lú àlùbọ́sà àti aáyù. Bó bá ti pọ́n, ẹ da ife Fino kan lé e, ẹ jẹ́ kó hó títí omi rẹ̀ á fi ki. Riñones al jerez ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bàbá á jẹ èyí tí wọn kò fẹ́ mu yẹn.